Sẹ̀kínà Fa Orogún Rẹ̀ Fọ́kọ

Nígbà tí Àrìmíyàù kú lọ́dún 2004, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn ní Adjamé, àdúgbò kan ní ìdálẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ń retí ni pé àwọn opó rẹ̀ méjèèjì yóò tú ká kí àdúrà ogójì ọjọ́ tó kọjá. Ọkọ ló so wọ́n pọ̀, ọkọ sì ti lọ. Sẹ̀kínà, ìyálé, ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Irfan ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ilé iṣẹ́ báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́, Cocody ló sì ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ràmúlátù, ìyàwó kékeré, ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogójì ni, kò sì ní ọmọ láyé. Àbúrò olóògbé tilẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní òun yóò fẹ́ Ràmúlátù bí wọ́n ti ń ṣe nígbà àtijọ́, òun yóò sì mú un relé. Ràmúlátù kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní ibi tí òun wà ti tẹ́ òun lọ́rùn. Bàbá náà wo ojú Sẹ̀kínà pé kó bá òun dá sí i. Sẹ̀kínà ní òun ò rí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ tí ìyàwó òun sọ.

Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Treichville ni wọ́n bí Sẹ̀kínà sí, ilé ìwé àwọn Faransé ló lọ, kò sì mọ Ògbómọ̀ṣọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan tí bàbá rẹ̀ mú un lọ síbẹ̀ lọ́dún iléyá kan. Ọjọ́ tí Àrìmíyàù mú Ràmúlátù dé láti ilé, pẹ̀lú àpótí páànù kan àti ojú tí kò kúrò nílẹ̀, Sẹ̀kínà wò ó bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹrù ẹlẹ́rù wá sílé òun. Ó lé lọ́dún kan tí kò bá a sọ ju ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé má sọ lọ. Ohunkóhun tó bá sì sọ, Ràmúlátù á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, ìyálé mi." Ì báà jẹ́ pé ó rán an níṣẹ́, ì báà jẹ́ pé ó bú u, ìdáhùn kan náà ni. Sẹ̀kínà kórìíra ìdáhùn yẹn ju kó bú òun padà lọ.

Ikú ọmọ ló yí i padà. Ràmúlátù bí obìnrin, ọmọ náà sì ti ń rá káàkiri àgbàlá nígbà tí ibà mú un. Àrìmíyàù wà ní Bouaké, ó lọ ta ọjà. Sẹ̀kínà ló gbé ọmọ náà sáyà nínú takisí, ọwọ́ rẹ̀ náà ni ọmọ sì kú sí kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Wọ́n padà délé. Sẹ̀kínà wọlé tẹ̀ lé Ràmúlátù, ó sùn tì í lórí ẹní, kò sì padà sí yàrá tirẹ̀ títí ọkọ wọn fi dé. Wọn ò sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà mọ́ láéláé. Àmọ́ láti ìgbà yẹn ni Irfan kékeré ti ń bá Ràmúlátù jẹun nínú abọ́ kan náà, tó ń pè é ní Màmá Ràmú, ìyá rẹ̀ kò sì sọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọkọ kú, wọn ò tú ká. Yàrá wọn kọjú síra nínú àgbàlá, igi máńgòrò kan wà láàárín. Wọ́n jọ ń lọ sí ìsọ̀ tí Àrìmíyàù fi sílẹ̀ nínú ọjà Adjamé, níbi tí wọ́n ti ń ta ìkòkò, abọ́ àti agbada. Sẹ̀kínà ló ń bá àwọn oníbàárà nájà, ó ń sọ Jùlá, ó ń sọ Faransé, ó ń bínú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ràmúlátù ló ń to ọjà, òun ló mọ ibi tí gbogbo ìdérí wà. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ra àtíèkè, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn ará ibẹ̀, àti ẹja díndín, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, Ràmúlátù á máa yọ eegun ẹja kúrò fún ìyálé rẹ̀ nítorí ojú Sẹ̀kínà ti ń ṣe bàìbàì. Sẹ̀kínà á sì máa túmọ̀ ìròyìn orí rédíò fún un: ibi tí àwọn ológun dé, ohun tí ìjọba wí, ìgbà tí wọ́n ní kí kálukú wọlé. Wọ́n máa ń jà nítorí ìyọ̀, nítorí ẹni tó gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Ìjà náà kì í di ọjọ́ kejì.

Ọdún 2006 ni Sìrájù kọ́kọ́ wá sí ìsọ̀ wọn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ń jó irin pọ̀ ní Vridi, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Abọ́ tí wọn yóò fi ṣe sàráà fún ìyàwó náà ló wá rà. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó rà á, ó lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó tún wá ra ìkòkò. Ó tún wá ra òmíràn. Kì í nájà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó yan èyí tó fẹ́, Ràmúlátù ló sì máa ń bẹ̀ pé kó bá òun yàn án.

Ọjọ́ kan tó lọ tán, Sẹ̀kínà ní, "Ìyàwó, ọkùnrin tó ń dá gbé, kí ló fẹ́ fi gbogbo ìkòkò yìí sè?"

Ràmúlátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ká pépà ọjà tí kò nílò kíká, ejìká rẹ̀ ń mì nítorí ẹ̀rín. Sẹ̀kínà náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀ ló tó rí i pé Ràmúlátù lé tìróò sójú, pé ó tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ń lé e.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni Sìrájù wá sílé. Ràmúlátù ti lọ kí aláìsàn kan ní Boribana. Ọkùnrin náà wọ kaftáánì funfun, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Sẹ̀kínà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ju Sẹ̀kínà lọ lọ́jọ́ orí. Sẹ̀kínà ní kó dìde, kò dìde.

"Ẹ̀yin ni òbí Ràmúlátù níbí, mà," ó wí. "Mi ò ní ẹlòmíràn tí mo lè wá bá tọrọ rẹ̀."

Ẹnu ya Sẹ̀kínà. Kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òun ti gbọ́, kó fún òun láàyè láti rò ó. Ó gbé omi àti bisikíìtì fún un, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀nà tí kò dára, ọkùnrin náà sì lọ. Sẹ̀kínà fọ ife tó fi mu omi, ó nù ún gbẹ, ó dá a padà síbi tó wà. Nígbà tí Ràmúlátù dé, Sẹ̀kínà bi í nípa aláìsàn. Kò sọ̀rọ̀ àlejò.

Ó gba Cocody lọ bá Irfan. Ohun tó fẹ́ ni kí ọmọ òun bínú, kó ní kò ṣeé gbọ́ sétí pé kí ìyàwó bàbá òun lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Irfan fetí sílẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Màmá, franchement, mi ò rí problème níbẹ̀," ó wí, Yorùbá àti Faransé pọ̀ mọ́ra lẹ́nu rẹ̀. "Màmá Ràmú kò tíì darúgbó. Ẹ jẹ́ kó lọ, quoi."

Ó ní tó bá jẹ́ ti ìdánìkanwà ni, yàrá wà níbí, kí ìyá òun kó wá. Sẹ̀kínà wo yàrá náà láti ibi tó jókòó sí. Ó ti gbé inú rẹ̀ rí fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn tó bọ́ aṣọ opó. Ọmọ àti ìyàwó rẹ̀ á jáde láàárọ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ńlá, òun á sì jókòó sójú fèrèsé níbi gíga yẹn, á máa wo àwọn ọkọ̀ tó ń wọlé sí àwọn ilé olówó. Bó bá pàdé ará ilé kan lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á ní bonjour, wọ́n á sì kọjá. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tó fi sá padà sí Adjamé. Ó sọ fún Irfan pé òun yóò rò ó.

Ràmúlátù fúnra rẹ̀ ló fọ́ ọ̀rọ̀ náà lójú. Ní ìsọ̀ ni, lẹ́yìn tí wọ́n kírun àsárì. Kò gbójú sókè kúrò lára ìkòkò tó ń nù.

"Ìyálé mi, mo gbọ́ pé Sìrájù wá bá yín nílé. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Mo ti sọ fún un pé mi ò lọ síbì kankan."

Sẹ̀kínà bi í pé kí ló dé.

"Ta ni mo fẹ́ fi yín sílẹ̀ fún?"

Ó yẹ kí Sẹ̀kínà sọ nǹkan. Ohun tó sọ ni pé òjò ń bọ̀, kí wọ́n bo ọjà. Àmọ́ inú rẹ̀ dùn bó ti ń fa ọ̀rá bo àwọn agbada. Ẹja tó tóbi jù lọ níbẹ̀ ló rà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ní Treichville tí Ràmúlátù ti gbọ́ ní àìmọye ìgbà.

Sìrájù kò wá ra ìkòkò mọ́. Ràmúlátù kò ṣàárẹ̀, kò sunkún, kò sì pa iṣẹ́ kankan tì. Ó kàn jẹ́ pé bí Sẹ̀kínà bá pè é, á ní, "Mà." Bí Sẹ̀kínà bá ní ṣé kí àwọn tètè ṣí ìsọ̀ lọ́la, á ní, "Bí ẹ bá ti wí." Ojú rẹ̀ mọ́ láìsí tìróò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Sẹ̀kínà bínú nítorí ìdérí kan tó sọnù, ó sọ̀rọ̀ burúkú sí i, ó sì dúró kí ó dá òun lóhùn kí ìjà lè bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà, ìyálé mi," Ràmúlátù wí, ó sì lọ wá ìdérí náà.

Ó dà bíi pé wọ́n da omi tútù sí Sẹ̀kínà lẹ́yìn. Ó jókòó sórí àpótí. Ọjà ń lọ, àwọn èèyàn ń kọjá, obìnrin tí òun kò fẹ́ kó lọ wà ní ìwọ̀n apá kan sí i, ó ń tú àwọn ìkòkò wò. Síbẹ̀ òun nìkan ló jókòó níbẹ̀. Ohun tó ń bẹ̀rù pé yóò ṣẹlẹ̀ tí Ràmúlátù bá lọ ti ṣẹlẹ̀ tán, Ràmúlátù kò sì tíì kúrò lójú kan.

Ó lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pa irọ́ pé òun fẹ́ lọ kí Irfan, ó sì wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Vridi. Ọkọ̀ náà gba orí afárá kọjá, ọ̀sà tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, òórùn epo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ojú fèrèsé kí wọ́n tó dé. Ó bèèrè ọ̀nà títí ó fi dé abẹ́ àtíbàbà páànù kan, tí iná ń ta pàrà nínú rẹ̀. Sìrájù rí i, ó pa iná, ó ṣí ìbòjú rẹ̀. Ó gbé àga fún un, ó sì dúró lórí ìdúró bí ọmọ tí olùkọ́ pè.

"Ṣé ẹ ṣì ń fẹ́ ìyàwó mi?" Sẹ̀kínà bi í.

Ó ní òun ń fẹ́ ẹ.

"Ṣé ẹ máa ń lu èèyàn?"

"Ẹ má bi èmi, mà. Ẹ bi àwọn tó bá mi gbélé."

Sẹ̀kínà dìde, ó sì lọ bi wọ́n lóòótọ́. Nínú àgbàlá tí ọkùnrin náà ń gbé, ó bá obìnrin kan tó ń jẹ́ Clémentine, tó ń sá àtíèkè sóòrùn. Obìnrin náà sọ ní Faransé pé ọdún tí ìyàwó Sìrájù fi dùbúlẹ̀ àìsàn, ọkọ rẹ̀ ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń di irun rẹ̀, kò sì mọ irun dì, irun náà máa ń rí wúruwùru, ìyàwó á máa fi rẹ́rìn-ín. Clémentine fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. Sẹ̀kínà wo yàrá ọkùnrin náà láti ẹnu ọ̀nà. Ó mọ́. Àwọn ìkòkò tó rà lọ́wọ́ wọn wà lórí pẹpẹ, kò tíì dá iná sábẹ́ ìkankan. Sẹ̀kínà wá àléébù títí, kò rí. Ó padà sí abẹ́ àtíbàbà, ó ní kí Sìrájù wá lọ́jọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ó rò pé inú Ràmúlátù yóò dùn. Nígbà tó sọ fún un lábẹ́ igi máńgòrò, Ràmúlátù dìde dúró, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé ẹ fẹ́ lé mi ni?"

Sẹ̀kínà ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni mo ní mi ò lọ. Ẹ̀yin lẹ lọ bá a. Ẹ lọ fi mí lọ̀ ní Vridi bí ìkòkò." Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń gbé pọ̀, Ràmúlátù kò gbé ohùn sókè sí i bẹ́ẹ̀ rí. "Ilé yìí ni ọkọ mi kú sí. Ilẹ̀ àdúgbò yìí ni ọmọ mi wà. Níbo lẹ fẹ́ kí n lọ?"

Sẹ̀kínà jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Inú rẹ̀ tilẹ̀ tún dùn díẹ̀ pé ó ń bínú. Lẹ́yìn náà ló ní kó jókòó, Ràmúlátù kò jókòó.

"Tí mo bá ní kí o dúró, o máa dúró," Sẹ̀kínà wí. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. O máa bá mi jókòó síbí, wàá máa ní 'bẹ́ẹ̀ ni mà', títí ọ̀kan nínú wa á fi kú. Mi ò fẹ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ojú rẹ nígbà tí o ń bá a yan ìkòkò, Ràmú."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Irfan nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ràmúlátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ìborùn bo ojú, ó sunkún pẹ́. Nígbà tó jẹ́ kí ìborùn náà bọ́, ó béèrè bóyá òótọ́ ni pé ilé ọkùnrin náà mọ́. Sẹ̀kínà ní ó mọ́, ju tiwọn lọ.

Wọ́n so yìgì náà ní mọ́sáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà. Àwọn obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé àwọn ò tíì rí i rí kí ìyálé máa fa orogún rẹ̀ fọ́kọ, pé ó lè jẹ́ pé ìsọ̀ ló fẹ́ dá jẹ. Sẹ̀kínà gbọ́ wọn, ó sì ń bá ètò lọ. Òun ló yan aṣọ, òun ló lé tìróò fún Ràmúlátù. Irfan wá, ó gbé ẹrù sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń pe ara rẹ̀ ní bàbá ìyàwó, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ní Vridi, Sẹ̀kínà mú ọwọ́ Ràmúlátù, ó fi í lé ọwọ́ Sìrájù. Ó ti to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ jọ látàárọ̀. Ohun tó wá jáde ni pé, "Kì í jẹ ata púpọ̀ o."

Irfan gbé e padà sí Adjamé, ó dúró díẹ̀, ó tún ní kó jẹ́ káwọn máa lọ sí Cocody. Sẹ̀kínà ní kó lọ, kí ìyàwó rẹ̀ má dúró dè é pẹ̀lú oúnjẹ. Ó gbọ́ bí ọkọ̀ náà ṣe ń lọ títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Oṣù àkọ́kọ́ le. Nínú ìsọ̀, oníbàárà á bèèrè abọ́ kan, Sẹ̀kínà á yíjú sẹ́yìn láti ní kí Ràmúlátù mú un wá. Kò mọ ibi tí nǹkan wà nínú ìsọ̀ ara rẹ̀. Ó pàdánù ọ̀pọ̀ oníbàárà kó tó kọ́ ọ. Nílé, ó máa ń tan rédíò, ìròyìn á sì máa lọ ní Faransé lásán, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún, ó sì wá rí i pé láìjẹ́ pé ó ń túmọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Lọ́jọ́ tó bá gbóná, á jókòó sábẹ́ igi títí àwọn ará ilé kejì á fi kí i pé ṣé kò sí o. Á ní kò sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Ràmúlátù ń wá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ìgbà tí oṣù bá lé. Ó ti ń ta ọṣẹ àti òróró lẹ́nu ọ̀nà ilé ní Vridi, ọjà sì ń yá. Sẹ̀kínà kò dá a lẹ́bi. Ó gbé ẹrù ilé ìdáná rẹ̀ kúrò níta wá sínú yàrá, nítorí ẹyọ ẹnì kan kò nílò ààyè púpọ̀.

Ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò, ó gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ràmúlátù ni. Ó ti sanra díẹ̀, ó wọ aṣọ tí Sẹ̀kínà kò mọ̀. Wọ́n kí ara wọn pẹ́, wọ́n di ara wọn mú. Ràmúlátù gba igun ilé ìdáná lọ láti bu omi mu, bó ṣe máa ń ṣe, ó sì dúró níbẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Kò sí ìkòkò omi níbẹ̀ mọ́, kò sì sí ife.

"Jókòó," Sẹ̀kínà wí. "Jẹ́ kí n gbé e wá fún ọ."

Ràmúlátù padà wá jókòó sórí àga tí àwọn àlejò máa ń jókòó sí. Sẹ̀kínà gbé ife omi fún un lórí abọ́ pẹlẹbẹ, Ràmúlátù fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n sọ̀rọ̀ Clémentine, wọ́n sọ̀rọ̀ Irfan tí ìyàwó rẹ̀ lóyún, wọ́n sọ̀rọ̀ Sìrájù tó ń gbìyànjú láti se ọbẹ̀ tí ọbẹ̀ sì ń jóná. Ràmúlátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn àsárì ó wo ojú ọ̀run, ó ní kí òun máa lọ kí ọ̀nà tó dí. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu Sẹ̀kínà pé kó sùn, pé yàrá rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Kò sọ ọ́. Ó mú ìborùn, ó sìn ín dé ibi tí àwọn gbàkà, bọ́ọ̀sì kékeré ìlú náà, ti ń kó èrò.

"Ṣé ẹ ń sùn dáadáa?" Ràmúlátù bi í nígbà tí ó ti fẹ́ wọ ọkọ̀.

"Mò ń sùn," Sẹ̀kínà wí. Oorun náà kì í sábà tètè kùn ún, ṣùgbọ́n ó ń sùn.

Ràmúlátù wọlé, ó rí ààyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó juwọ́. Gbàkà náà há sáàárín àwọn ọkọ̀ yòókù, ó tún bọ́, ó yí kọ́nà. Sẹ̀kínà dúró síbẹ̀ díẹ̀. Oòrùn ṣì wà. Ó gba inú ọjà padà, ó ń kí àwọn tó ń palẹ̀ ọjà wọn mọ́, ó dúró bá ìyá kan tó ń ta obì sọ̀rọ̀ ní Jùlá, ó bèèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀ nílé, nítorí náà kò yára.